Ọjọ́ tí Bàálù Já Sínú Aṣọ Ìyá Alágbàfọ̀

Ìyá Alágbàfọ̀ kò mọ̀wé. Orúkọ ara rẹ̀ nìkan ló lè kọ, tó bá sì kọ ọ́ tán, á dúró, á máa wò ó bí ẹni pé ẹlòmíràn ló kọ ọ́. Ṣùgbọ́n fún oṣù mẹ́sàn-án gbáko, lẹ́yìn tí ogun parí, òun ló ń sọ fún gbogbo bàálù ìjọba tó wà ládùúgbò wa ibi tí wọn yóò gbà balẹ̀. Ẹnikẹ́ni ò fún un níwèé ìgbaniṣíṣẹ́, ẹnikẹ́ni ò sì kí i kú iṣẹ́. Okùn tó ń sá aṣọ sí ló fi ń ṣe é. Mo tètè sọ èyí kí ẹnì kan má baà wá sọ fún mi pé alágbàfọ̀ lásán ni.

Ẹ̀gbọ́n ìyá mi ni. Ọwọ́ rẹ̀ ni mo dàgbà sí, èmi ni mo sì ń bá a lọ aṣọ láti ìgbà tí mo ti lè gbé áyọ́ọ̀nù eléèédú láìjẹ́ kó já lé mi lẹ́sẹ̀. Yàrá méjì ni ilé wa, pẹ̀lú ahéré páànù kan lẹ́yìnkùlé níbi tí ọpọ́n mẹ́rin wà: ọ̀kan fún aṣọ rírẹ, ọ̀kan fún fífọ̀, ọ̀kan fún omi ìṣanṣọ, ìkẹrin fún sítáàṣì. Lẹ́yìn ahéré yẹn ni okùn mẹ́fà gbọọrọ tí a ń sá aṣọ sí wà. Lẹ́yìn okùn, wáyà. Lẹ́yìn wáyà, pápá bàálù ìjọba. Ilé wa ti wà níbẹ̀ kí pápá tó dé, Ìyá Alágbàfọ̀ kì í sì í jẹ́ kí ṣọ́jà kankan gbàgbé.

Ó kúrú, apá rẹ̀ ki, omi ọṣẹ sì ti hun ìka rẹ̀ jọ. Ẹnu rẹ̀ mú ju abẹ ọkọ rẹ̀ lọ. Gbogbo aṣọ ọ̀gá àti ọmọ iṣẹ́ pápá náà ló ń gba ọwọ́ rẹ̀ kọjá, nítorí náà kò sí ọ̀gá tó lè fi ipò dẹ́rù bà á. Báwo lo ṣe fẹ́ máa gbọ̀n níwájú ẹni tí o ń fọ pátá rẹ̀? Ó mọ èyí tó ń mutí, ó mọ èyí tí kì í wẹ̀ déédéé, ó mọ èyí tí ìyàwó rẹ̀ rìnrìn àjò tí àmì ètè pupa ṣì wà lọ́rùn ẹ̀wù rẹ̀. Bó bá ti ń fún aṣọ ló ń ka ẹ̀ṣẹ̀ wọn fún mi lọ́kọ̀ọ̀kan. Ká má purọ́, mo gbádùn rẹ̀ gan-an.

Ọkọ rẹ̀ ni Bàbá Onígbàjámọ̀. Ó ga, ó tẹ́ẹ́rẹ́, ó sì nífẹ̀ẹ́ ọ̀rọ̀ sísọ débi pé ó máa ń fá ẹ̀gbẹ́ kan orí oníbàárà, kó wá dúró sọ ìtàn kí ó tó fá ẹ̀gbẹ́ kejì. Ìta iwájú ilé ni ṣọ́ọ̀bù rẹ̀: àga kan tó dára, dígí kan tó ti sán. Ẹ̀wù gbọọrọ kan ló ń wọ̀ sórí aṣọ rẹ̀ tó bá ń ṣiṣẹ́, ẹ̀wù náà a sì máa bò ó dé orúnkún. Ẹ fi ẹ̀wù yìí sọ́kàn.

Ogun ti parí lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò kó ọ̀wọ́n gógó rẹ̀ lọ. Ọṣẹ wọ́n, òwú wọ́n, aṣọ wọ́n bí ojú. Ìjọba pàápàá ò mọ ohun tí wọn yóò fi pápá náà ṣe. Bàálù kéékèèké mọ́kànlá ló ṣẹ́kù sí i, tí wọ́n ti lẹ̀ lápá, tí wọ́n ti lẹ̀ ní ìrù, wọ́n sì ń fi wọ́n kọ́ àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin ní wíwa bàálù, bóyá torí kí wọ́n má jókòó lásán.

Nígbà yẹn, òpó kan wà láàárín pápá tí àpò aṣọ gígùn kan so mọ́ lórí. Bí atẹ́gùn bá wọ inú rẹ̀, á nà gbọọrọ, ẹni tó wà lókè á sì mọ ibi tí atẹ́gùn ń fẹ́ sí. Bàálù gbọ́dọ̀ dojú kọ atẹ́gùn kó tó balẹ̀. Bí atẹ́gùn bá wà lẹ́yìn rẹ̀, á kàn máa sáré lọ ni, kò ní rí ara rẹ̀ dá dúró. Àpò atẹ́gùn ni gbogbo wa ń pe nǹkan náà.

Lọ́jọ́ kan, olùkọ́ àwọn awakọ̀, tí a ń pè ní Ọ̀gá Aláriwo nítorí pé ẹ́ńjìnnì ti gba ìdajì etí rẹ̀ tó sì ń pariwo bá gbogbo èèyàn sọ̀rọ̀, gbé àpò atẹ́gùn wá fún wa. Ó ti ya lẹ́gbẹ̀ẹ́, ó sì dúdú. Ó ní kí Ìyá bá òun fọ̀ ọ́, kó rán an. Ìyá rẹ ẹ́ sómi. Nígbà tó fi máa fà á jáde, ó ti ya sí mẹ́ta.

"Ọ̀gá, nǹkan yín ti kú o," Ìyá sọ fún un láti ẹ̀yìn wáyà.

"Ẹ jù ú nù, Ìyá!" Ọ̀gá Aláriwo pariwo. "Tuntun ń bọ̀!"

Ìyá Alágbàfọ̀ ò ju nǹkan nù rí láyé rẹ̀. Ó dúró fún ọjọ́ mẹ́wàá. Nígbà tí kò sẹ́ni tó béèrè, ó wo aṣọ náà, ó wo ọkọ rẹ̀ tó jẹ́ pé ṣòkòtò kan ṣoṣo tó ní ti ya dé itan, tó bá ti bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láti gé irun ẹ̀yìn ọrùn oníbàárà, gbogbo ọ̀nà ló ń rí ohun tí kò yẹ kí ọ̀nà rí. Ó mú sísọ́ọ̀sì. Aṣọ náà nípọn, ó lágbára, ó funfun lẹ́yìn tí ó ti fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹta. Ohun kan ṣoṣo tí kò lọ ni òǹtẹ̀ ìjọba, dúdú kirikiri, pẹ̀lú nọ́ńbà mẹ́rin lábẹ́ rẹ̀. Ìyá wá gé aṣọ náà lọ́nà tí òǹtẹ̀ fi bọ́ sí ìdí ṣòkòtò, ó ní ta ni yóò gbé ẹ̀wù onígbàjámọ̀ sókè láti kàwé níbẹ̀.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wọ́ nìyẹn, nítorí pé ní pápá náà, ọkùnrin kan wà tí wọ́n ń pè ní Ọ̀gá Sítọ́ọ̀. Bí iná bá ń jó o, á kọ́kọ́ béèrè ìwé àṣẹ lọ́wọ́ ẹni tó gbé omi wá. Òfin rẹ̀ kan ṣoṣo ni pé kí o mú ògbólógbòó wá kí o tó gba tuntun. Bí ṣíbí rẹ bá kán, o gbọ́dọ̀ kó àjákù méjèèjì wá. Ṣọ́jà kan sọ bàtà ẹsẹ̀ òsì nù sínú ẹrẹ̀, odidi oṣù méjì ló fi ń rìn ní ẹsẹ̀ kan bàtà, ẹsẹ̀ kan òfìfo. Nígbà tí Ọ̀gá Aláriwo lọ gba àpò atẹ́gùn tuntun, Ọ̀gá Sítọ́ọ̀ na ọwọ́ síta.

"Ògbólógbòó dà?"

Ògbólógbòó wà ní ìdí Bàbá Onígbàjámọ̀. Ọ̀gá Aláriwo ti mọ̀ nígbà yẹn, torí ó ti wá gba àpò náà padà, ó sì ti rí ohun tó dà, ó rẹ́rìn-ín títí omijé fi bọ́ lójú rẹ̀. Kò jẹ́ fi ọ̀rọ̀ náà kó Ìyá sí wàhálà. Ó kọ ìwé sí Ọ̀gá Àgbà, ẹni tó ni àṣẹ gbogbo pápá. Ọ̀gá Àgbà gba ìwé náà, ó sì ń gbé ife tíì lé e.

Ni Ọ̀gá Aláriwo bá kó àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ wá sẹ́bàá wáyà, ó nawọ́ sí okùn aṣọ wa. "Ẹ wo aṣọ Ìyá! Ibi tó bá ń fò sí, ibẹ̀ ni atẹ́gùn ń lọ! Ẹ kọjú sí atẹ́gùn, kẹ́ ẹ balẹ̀!"

Inú Ìyá Alágbàfọ̀ dùn ju ti ìyàwó ọ̀ṣìngín lọ. Láràárọ̀, kó tó fi omi kan ẹnu, á ta aṣọ ibùsùn funfun kan sórí okùn tó sún mọ́ wáyà jù lọ, ìbáà jẹ́ pé kò sí aṣọ kankan láti fọ̀. Bí bàálù bá kọjá lókè, á gbé orí sókè, á ní, "Ó yá, gba ibí!" Bí ó bá balẹ̀ dáadáa, á nu ọwọ́ mọ́ ìró rẹ̀ bí ẹni pé òun ló gbé e sílẹ̀.

"Ìwọ ń fá orí," ó máa ń sọ fún ọkọ rẹ̀, "èmi ń sọ bàálù kalẹ̀. Ta ni olórí ilé nínú wa?"

"Ìwọ ni," Bàbá á dáhùn. "Àmọ́ èmi ni mo wọ aṣọ iṣẹ́."

Nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wọ̀nyẹn, ọ̀kan wà tí Ìyá sọ ní Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́. Ó tẹ́ẹ́rẹ́ débi pé yúnífọ́ọ̀mù rẹ̀ ń wọ́ ọ dípò kó wọ yúnífọ́ọ̀mù. Òun nìkan ló máa ń tú àpò rẹ̀ yẹ̀wò kó tó kó aṣọ wá, òun nìkan ló ń so ìbọ̀sẹ̀ rẹ̀ pọ̀ ní méjì méjì, á sì dọ̀bálẹ̀ kí Ìyá bí ẹni pé a bí i nínú ilé wa. Ó ti fìdí rẹmi lẹ́ẹ̀mejì nínú ìdánwò wíwa bàálù. Wọ́n ti sọ fún un pé ẹ̀kẹta ni òpin. Bó bá tún kùnà, á padà lọ máa bá bàbá rẹ̀ po sìmẹ́ńtì. Kì í ṣe pé iṣẹ́ sìmẹ́ńtì burú, ṣùgbọ́n bí a bá sọ pé "bàálù" níwájú ọmọ yẹn, ojú rẹ̀ á kàn ṣí ni.

Ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú ìdánwò yẹn ni atẹ́gùn já aṣọ funfun Ọ̀gá Àgbà lórí okùn, ó sì gbé e lọ sínú ẹrẹ̀. Ọ̀gá Àgbà pe Ìyá sí ẹnu ọ̀nà pápá, níwájú àwọn ṣọ́jà, ó sì bú u.

"Ẹ ò mọṣẹ́ yín! Ṣé aṣọ lásán lẹ ò lè dì mú?"

Ẹni tó lè bí i lọ́mọ. Ìyá Alágbàfọ̀ padà sílé, kò jẹun, kò bú ẹnikẹ́ni, èyí tó bà mí lẹ́rù jù. Ó kàn sọ pé, "Aṣọ mi ò tún ní fò mọ́ láyé yìí."

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó tẹ̀ lé e, wọ́n kó ogójì búláńkẹ́ẹ̀tì wá láti ibùsùn àwọn ṣọ́jà. Atẹ́gùn ń fẹ́ lọ́jọ́ náà bí ẹni tó ń wá nǹkan tó sọ nù. A fọ̀ wọ́n, a fún wọn, a ta wọ́n sórí okùn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà. Lẹ́yìn náà ni Ìyá gé okùn tẹ́ẹ́rẹ́, ó so ìsàlẹ̀ búláńkẹ́ẹ̀tì kọ̀ọ̀kan mọ́ èèkàn tó gún sílẹ̀. Ó so ogójì, kò fo ọ̀kan. Ó sì ká aṣọ funfun ẹ̀bá wáyà kúrò kí atẹ́gùn má baà gbé e lọ.

Mo ní, "Màmá, àwọn awakọ̀ ńkọ́?"

Ó ní, "Kí wọ́n lọ wo okùn ìyá tiwọn."

Mo gbọ́, mo sì dákẹ́. Títí dòní, mo ń bínú sí ara mi pé mo dákẹ́.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ni Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ nìkan gbé bàálù gòkè fún ìdánwò ìkẹyìn. Ó yí lókè lẹ́ẹ̀kan, ó yí lẹ́ẹ̀mejì, ó ń wo ilẹ̀ wa. Ogójì búláńkẹ́ẹ̀tì dúró ṣánṣán bí ẹni pé wọ́n kàn wọ́n mọ́ ògiri. Ó rò pé kò sí atẹ́gùn rárá, ó sì yan ìhà tó wù ú. Ìhà náà gan-an ni atẹ́gùn ti wà lẹ́yìn rẹ̀.

Mo rí i tó balẹ̀. Mo rí i tó ń sáré. Mo ń retí kó dúró, kò dúró. Ó kọjá òpó, ó kọjá ilé àwọn ọ̀gá, ó fà wáyà já, ó sì wọlé wá bá wa láìkan ilẹ̀kùn. Ó gba okùn kìíní, ó gba ìkejì, ó gba ìkẹta, búláńkẹ́ẹ̀tì ń wé mọ́ ọn bí ó ti ń bọ̀. Ní okùn ìkẹrin, ó dorí kodò. Táyà kan ṣì ń yí lókè. Òórùn epo gba gbogbo ibẹ̀.

Ọ̀rọ̀ di bó ò lọ, yà fún mi. Àwọn tó wà lọ́nà sá. Bàbá Onígbàjámọ̀ nìkan ló sáré wá síbi tí wọ́n ti ń sá kúrò, abẹ ìfárí ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Oníbàárà rẹ̀ tẹ̀ lé e, ọṣẹ ń ho ní ẹ̀gbẹ́ kan àgbọ̀n rẹ̀. Ìyá ti wà nínú búláńkẹ́ẹ̀tì ṣáájú wọn, ó ń fà wọ́n ya, ó ń ké pe orúkọ tó fún ọmọ náà. A rí i tó rọ̀ dirodiro nínú ìgbànú ìjókòó rẹ̀, orí nílẹ̀, ẹsẹ̀ lókè, gẹ́gẹ́ bí aṣọ tí a sá. Bàbá fi abẹ gé ìgbànú náà. Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ já lu Ìyá, àwọn méjèèjì sì ṣubú sínú ọpọ́n sítáàṣì tí a ti gbé jáde sẹ́gbẹ̀ẹ́ okùn.

Ohun àkọ́kọ́ tó jáde lẹ́nu rẹ̀ ni, "Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Mo ti ba aṣọ yín jẹ́."

Ìyá Alágbàfọ̀ bú sẹ́kún. Mi ò rí i kó sunkún rí.

Eegun èjìká Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ kán, ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀ yẹ̀. Búláńkẹ́ẹ̀tì tó wé mọ́ bàálù ni kò jẹ́ kó ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ikú tí ìbá pani, tó bá ṣí ni ní fìlà, ọpẹ́ là á dú. Ṣùgbọ́n ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kejì, mo gbójú sókè, mo rí àpò atẹ́gùn tuntun lórí òpó, ó funfun, ó ń fẹ́ yẹtuyẹtu. Ohun tí oṣù mẹ́sàn-án kò lè mú jáde ní sítọ́ọ̀, òru ọjọ́ kan mú un jáde. Wọ́n sì sọ fún Ọ̀gá Aláriwo pé ó ti ṣiṣẹ́ jù, kó lọ sinmi ní ilé rẹ̀ tó jìnnà. A wá gbọ́ pé àwọn ọ̀gá mẹ́ta ń bọ̀ láti olú-ìlú láti wádìí ọ̀rọ̀ náà. Ìtàn tí Ọ̀gá Àgbà ti tò sílẹ̀ dè wọ́n ni pé àpò atẹ́gùn ò kúrò lórí òpó rí, pé akẹ́kọ̀ọ́ ni kò wò ó, pé kí wọ́n lé e lọ. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó kù pa ẹnu mọ́, nítorí kò sẹ́ni tí ìdánwò tirẹ̀ kò sí níwájú.

Ọjọ́ mẹ́ta lẹ́yìn náà, Ọ̀gá Àgbà fúnra rẹ̀ wá sílé wa. Ó jókòó sórí àga onígbàjámọ̀, òun nìkan ni àga tó dára. Bàbá fi ẹ̀yìn ti ògiri ní gbogbo ìgbà tó fi wà níbẹ̀, kò yí padà lẹ́ẹ̀kan. Nígbà tó fẹ́ gbé omi fún àlejò, ẹ̀gbẹ́ ló fi rìn bí alákàn.

"Ìyá, ẹ kú ìpayà," Ọ̀gá Àgbà wí. "Ẹ̀yin ò ṣáà mọ nǹkan kan nípa bàálù, àbí?"

"Aṣọ ni mo mọ̀."

"Ẹ ṣé. Mo ti ń rò ó pé aṣọ ilé ìtọ́jú àti ti ilé oúnjẹ àwọn ọ̀gá, kí gbogbo rẹ̀ kúkú máa bọ̀ lọ́dọ̀ yín. Ẹni tó bá mọ bí wọ́n ṣe ń dákẹ́ ló yẹ kó jẹ irú èyí." Ó dìde, ó wo ilé wa yíká. "Àwọn alágbàfọ̀ míì náà kúkú wà o."

Bí ó ti jáde ni Bàbá bọ́ ṣòkòtò. "Ká jó o! Nísinsìnyí! Ohun ìní ìjọba ni, ẹ̀wọ̀n ni!"

Ìyá gba ṣòkòtò náà lọ́wọ́ rẹ̀, ó jókòó sórí àpótí, ó tẹ́ ẹ sórí itan.

"Èmi ni mo so aṣọ mọ́lẹ̀," ó ní. "Ọmọ náà wo mí, mo sì purọ́ fún un."

"Màmá, ẹ ò mọ̀ọ́mọ̀," mo wí.

"Mo mọ̀. O ṣáà rán mi létí. Inú ń bí mi sí Ọ̀gá Àgbà, mo sì fi gbẹ̀san lára ẹni tó ń so ìbọ̀sẹ̀ rẹ̀ pọ̀ fún mi." Ó fi àtẹ́lẹwọ́ nu ojú. "Ojú ń tì mí. Bí wọ́n bá lé e, èmi ni mo lé e."

Bàbá Onígbàjámọ̀ na ọwọ́ síta. Ó gba ṣòkòtò náà, ó sì tún un wọ̀.

Inú ilé oúnjẹ àwọn ọ̀gá ni ìwádìí ti wáyé. Àwọn mẹ́ta jókòó sẹ́yìn tábìlì: ọ̀kan sanra, ọ̀kan lo awò ojú, ẹ̀kẹta ń kọ̀wé. Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ jókòó níwájú wọn, apá rẹ̀ so mọ́ àyà. Ọ̀gá Sítọ́ọ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó gbá ìwé ńlá rẹ̀ mọ́ra bí ọmọ. Wọ́n ti bi í bóyá àpò atẹ́gùn wà nínú ìwé rẹ̀, ó ti ní ó wà. Kò purọ́. Wọn ò bi í ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹnikẹ́ni ò pè wá. Ìyá ti ilẹ̀kùn, ó wọlé, ọkọ rẹ̀ tẹ̀ lé e, èmi tẹ̀ lé wọn.

"Ẹ kúulé o. Èmi ni mo ń fọ aṣọ yín. Mo wá sọ pé kò sí àpò atẹ́gùn lórí òpó yẹn fún oṣù mẹ́sàn-án. Aṣọ mi ni wọ́n ń wò."

Ọ̀gá Àgbà fò dìde. "Ta ló jẹ́ kí wọ́n wọlé? Ìyá, ẹ máa lọ sílé! Ẹ̀rí wo lẹ ní?"

"Bàálé mi," Ìyá wí, "ẹ kọ ẹ̀yìn sí wọn."

Bàbá Onígbàjámọ̀ kọ ẹ̀yìn sí ìjọba. Ìyá gbé ẹ̀wù rẹ̀ sókè.

Ẹni tó sanra ló kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Aláwòójú bọ́ awò rẹ̀, ó nù ún, ó tún un fi sójú, ó sì sún mọ́ ibẹ̀ débi pé Bàbá ní kó jọ̀wọ́ má mí sí òun lára. Ó ka òǹtẹ̀ náà sókè, ó ka nọ́ńbà mẹ́rin tẹ̀ lé e. Akọ̀wé kọ ọ́ sílẹ̀.

"Òun nìyẹn!"

Ọ̀gá Sítọ́ọ̀ ti dìde, ìwé rẹ̀ ti ṣí, ìka rẹ̀ sì wà lórí nọ́ńbà náà. "Òun nìyẹn! Oṣù mẹ́sàn-án ni mo ti ń béèrè rẹ̀! Mo sọ fún Ọ̀gá Àgbà! Nígbà tí wọ́n ní kí n gbé tuntun jáde lọ́jọ́ kejì tí bàálù já, mo ní ìwé mi ò ní dọ́gba, wọ́n ní kí n ṣáà gbé e jáde ná!" Ó na ọwọ́ sí Bàbá. "Ẹ bọ́ ọ!"

Ọ̀gá Sítọ́ọ̀ ò tilẹ̀ mọ ohun tó sọ. Ọwọ́ rẹ̀ ṣì nà síta.

Aláwòójú rọra nàró. "Ọjọ́ kejì tí bàálù já lẹ gbé tuntun jáde?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà. Ọjọ́ rẹ̀ nìyí."

"Kí ni ń bẹ lórí òpó kó tó di ọjọ́ náà?"

Ọ̀gá Sítọ́ọ̀ wo ìwé rẹ̀, ó wo ìdí Bàbá Onígbàjámọ̀, ó tún wo ìwé. "Nínú ìwé, eléyìí ni, sà."

Ẹni tó sanra fi ọwọ́ bo ẹnu. "Afẹ́fẹ́ ti fẹ́," ó wí jẹ́jẹ́, "a ti rí fùrọ̀ adìyẹ." Ọ̀gá Àgbà jókòó. Ojú rẹ̀ ti funfun ju aṣọ funfun rẹ̀ tó bọ́ sẹ́rẹ̀ lọ.

Wọ́n bọ́ ṣòkòtò Bàbá níbẹ̀ gan-an. Ọ̀gá Sítọ́ọ̀ gbà á, ó yẹ̀ ẹ́ wò, ó sì kọ ìwé ẹ̀rí fún un pé òun ti rí ògbólógbòó àpò atẹ́gùn kan gbà, pẹ̀lú bọ́tìnnì mẹ́ta. A ṣì ní ìwé náà nílé.

Ìyá ò tíì ṣe tán. Ó dúró síbẹ̀, ó sì sọ ti okùn tẹ́ẹ́rẹ́ àti ogójì èèkàn fún wọn. Ó sọ ohun tí mo bi í àti èsì tó fún mi. Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ gbé ojú sókè wò ó, Ìyá ò sì gbé ojú tirẹ̀ kúrò.

"Ìyá," aláwòójú wí, "ẹ má da ara yín láàmú. Ìyẹn kì í ṣe iṣẹ́ yín."

"Iṣẹ́ mi ni," Ìyá Alágbàfọ̀ dáhùn. "Ẹ̀yin lẹ gbé e fún mi. Ẹ kàn ò sọ fún mi ni."

Akọ̀wé náà ò kọ ìyẹn sílẹ̀. Mo rí i. Ó gbé kálámù sílẹ̀, ó ń wo tábìlì.

Wọn ò lé Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ mọ́. Nígbà tí eegun rẹ̀ jinná, wọ́n fún un ní ìdánwò mìíràn, ó sì yege. Wọ́n gbé Ọ̀gá Àgbà lọ síbi tí kò sí bàálù, ìwé nìkan ló wà níbẹ̀. Ọ̀gá tuntun dé, ó kí Ìyá, ó yìn ín, ó sì gba gbogbo aṣọ ṣọ́jà kúrò lọ́wọ́ rẹ̀, nítorí òfin kò gbà kí ẹni tó gé ohun ìní ìjọba máa fọ tirẹ̀. Aṣọ àwọn olùkọ́ iléèwé àti épúrọ́ọ̀nù oníbúrẹ́dì ló fi parí ayé iṣẹ́ rẹ̀, Bàbá sì padà sínú ṣòkòtò tó ń fi nǹkan han ọ̀nà.

Ṣùgbọ́n láràárọ̀, kó tó fi omi kan ẹnu, ó ṣì ń ta aṣọ ibùsùn funfun kan sórí okùn tó sún mọ́ wáyà jù lọ. Mo bi í ní ìdí. Àpò atẹ́gùn tuntun wà lórí òpó, gbogbo ayé ń rí i.

Ó ní, "Bí tiwọn bá tún ya ńkọ́?"

Ọdún mọ́kàndínlógún ló fi ta aṣọ náà. Aṣọ mẹ́rin ló gbó sórí okùn yẹn. Ọjọ́ tí ó kú, atẹ́gùn ń fẹ́ gan-an, a sì ń sá sókè sá sódò pẹ̀lú omijé àti àlejò. Nígbà tí mo jáde sẹ́yìnkùlé láti mí, mo bá Bàbá Onígbàjámọ̀ lẹ́bàá wáyà, tòun ti ẹ̀wù gbọọrọ rẹ̀, ó ń ta aṣọ funfun náà, pẹ́ẹ̀gì méjì wà lẹ́nu rẹ̀. Mo ní kó jẹ́ kí n bá a so ìsàlẹ̀ rẹ̀ kó má baà fò lọ.

Ó mi orí, ó sì yọ pẹ́ẹ̀gì kúrò lẹ́nu. "Má so ó," ó ní. "Ẹnì kan lè wà lókè."